Òjòlá Kápẹ́ẹ̀tì: Kí Ẹ Tó Gba Ejò Sílé

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Queensland ní Ọsirélíà ní kí ọkùnrin kan san owó ìtanràn dọ́là 2,322 nítorí ejò rẹ̀. Kì í ṣe pé ó jí ejò náà, ejò náà kò sì bu ẹnikẹ́ni jẹ. Ó tilẹ̀ ní ìwé àṣẹ tó fi ń sìn ín. Ohun tó ṣe ni pé ó gbé ejò kọ́rùn lọ sí etíkun Gold Coast, ó gun orí pákó tí wọ́n fi ń gun ìgbì òkun, òun àti ejò sì jọ ń bá ìgbì lọ sókè sódò. Àwọn èèyàn ya fídíò rẹ̀, fídíò sì rìn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń bójú tó ẹranko ìgbẹ́. Àwọn yẹn kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìwé àṣẹ rẹ̀ kò fún un láyè láti máa gbé ejò ṣe fáàrí nígboro, pé ejò kì í dá ooru ara rẹ̀ ṣe, àti pé irú ìrìn bẹ́ẹ̀ lè ni ín lára.

Shiva lorúkọ ejò náà. Òjòlá kápẹ́ẹ̀tì ni, irú èyí tí àrà oríṣiríṣi bo ara rẹ̀ láti orí dé ìrù, tí àwọn ará Ọsirélíà sì fẹ́ràn láti máa sìn nínú ilé.

Bí a bá sọ nílẹ̀ Yorùbá pé ẹnì kan ń sin ejò fún ìgbádùn, ọwọ́ ẹni tó gbọ́ yóò kọ́kọ́ wá igi. Kò sì jẹ̀bi. Paramọ́lẹ̀ àti ọká kì í bá ni ṣeré. Ṣùgbọ́n òjòlá kápẹ́ẹ̀tì kò ní oró rárá. Eyín wẹ́wẹ́ tó tẹ̀ sẹ́yìn ló fi ń di nǹkan mú, ara rẹ̀ ló sì fi ń wé mọ́ ọn títí ẹ̀mí yóò fi bọ́. Bẹ́ẹ̀ ni kò tóbi tó òjòlá inú igbó ilẹ̀ wa tó lè gbé ewúrẹ́ mì. Èyí tó dàgbà tán sábà máa ń gùn tó mítà méjì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ti etíkun ìlà-oòrùn Ọsirélíà máa ń lé ní mítà mẹ́ta nígbà mìíràn. Ihò wẹ́wẹ́ kan tò sí etí ètè rẹ̀ nísàlẹ̀. Àwọn ihò yìí ló fi ń mọ ooru ara eku nínú òkùnkùn biribiri, kódà bí eku náà kò bá mira.

Lacépède, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló kọ́kọ́ kọ nípa rẹ̀ nínú ìwé ìmọ̀ ẹ̀dá ní 1804. Morelia spilota ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pè é. Ibi tó ń gbé fẹ̀ gan-an: ó wà ní àríwá, ní ìlà-oòrùn, ní gúúsù Ọsirélíà, ó sì kọjá òkun dé erékùṣù New Guinea. Nítorí pé ilẹ̀ wọ̀nyẹn kò jọ ara wọn, àwọn ejò náà kò jọra. Èyí tó ń gbé ní etíkun Queensland ló máa ń tóbi jù. Èyí tó wà ní igbó kìjikìji òkè Atherton dúdú kirikiri, pẹ̀lú ìlà òféèfèé tó ń tàn yanran. Ti àgbègbè Sydney, tí wọ́n ń pè ní òjòlá dáyámọ́ǹdì, dúdú pẹ̀lú ẹ̀kán wẹ́wẹ́ aláwọ̀ wàrà. Ti odò Murray àti Darling rí bí eérú, ó sì ti ṣọ̀wọ́n débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Victoria kà á mọ́ ẹ̀dá tó lè pa run. Ti Papua kéré jù nínú wọn. Mọ̀lẹ́bí wọn pupa kan tún wà ní àárín gbùngbùn aṣálẹ̀, ní agbègbè Alice Springs, tí àwọn onímọ̀ yà sọ́tọ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ Joe Bredl sọ, ọkùnrin tó ní ọgbà ẹranko afàyàfà ní Ọsirélíà.

Ní Brisbane àti àwọn ìlú tó yí i ká, ejò yìí kì í dúró nínú igbó. Àjà ilé ló fẹ́ràn. Ibẹ̀ gbóná, ibẹ̀ dákẹ́, eku sì pọ̀ níbẹ̀. Àwọn onílé kan mọ̀ pé ó wà lókè orí wọn, wọn ò sì lé e, torí pé láti ìgbà tó ti dé ni eku ti dín kù. Àwọn mìíràn máa ń pe àwọn tí ń fi ejò mímú ṣiṣẹ́ ṣe, kí wọ́n wá gbé e lọ sí igbó tó wà nítòsí. Adìyẹ inú àgò wà nínú ewu rẹ̀, ológbò náà sì wà nínú ewu nígbà mìíràn. Ènìyàn kì í ṣe oúnjẹ rẹ̀, àmọ́ kì í ṣe pé kò lè ṣeni ní jàǹbá. Ní oṣù kọkànlá 2022, ní Byron Bay, òjòlá kan tó gùn tó bíi mítà mẹ́ta bu ọmọ ọdún márùn-ún jẹ ní kókósẹ̀ lẹ́bàá odò ìlúwẹ̀ẹ́ ilé wọn, ó wé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, àwọn méjèèjì sì jùmọ̀ já sínú omi. Bàbá àgbà ọmọ náà, ẹni ọdún 76, ló bẹ́ sómi tó gbé ọmọ àti ejò jáde pa pọ̀, kí bàbá ọmọ tó já ejò kúrò lára rẹ̀. Ara ọmọ náà yá.

Ẹni tó bá fẹ́ sin ín ní Ọsirélíà kò gbọdọ̀ lọ gbé e nínú igbó, kódà kò gbọdọ̀ mú èyí tó wà nínú àjà ilé ara rẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wọn fẹnu kò sí pé ó gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, kí ó sì ra ejò lọ́wọ́ ẹni tóun náà ní ìwé àṣẹ, ejò tí wọ́n bí sínú ilé. Ní New South Wales, ẹni tí kò tíì pé ọmọ ọdún 16 kò lè gba ìwé náà, ẹni tó sì gbà á gbọ́dọ̀ máa kọ sílẹ̀ bí ejò rẹ̀ ṣe wọlé àti bó ṣe jáde. Kíkó ejò ìbílẹ̀ Ọsirélíà láàyè jáde fún títà kò bófin mu rárá. Àwọn òjòlá kápẹ́ẹ̀tì tó wà ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà lónìí jẹ́ ìran àwọn tó ti kúrò nílẹ̀ náà tipẹ́, tàbí kí ó jẹ́ irú ti Papua tó gba Indonesia wá.

Ohun kan wà níbí tó kan ilé wa. Ejò tó gbajúmọ̀ jù láàárín àwọn tí ń sin òjòlá ní London, ní Texas, ní Jámánì, kì í ṣe ti Ọsirélíà. Láti ẹnu ọ̀nà wa ló ti lọ. Òjòlá kúkúrú inú pápá Togo, Benin, Ghana àti Nàìjíríà ni, èyí tí í ká ara rẹ̀ ró bíi bọ́ọ̀lù nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Láti nǹkan bí 1975 títí di òní, èyí tí wọ́n kó jáde kúrò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lójú òfin ju mílíọ̀nù mẹ́ta lọ, Togo sì wà lára àwọn tó kó jáde jù. Àwọn àgbẹ̀ àti ọdẹ a máa wú abo àti ẹyin rẹ̀ nínú ihò, wọ́n á kó wọn sínú àpò aṣọ fún àwọn oníṣòwò ní Lomé, láti ibẹ̀ ni wọ́n á ti wọ bàálù. Ní Ouidah, ní Benin, tó súnmọ́ Lomé, wọ́n kọ́ ilé fún ejò kan náà ní òdìkejì ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ìlú náà. Bí ọ̀kan bá rìn wọ ilé ẹnì kan, wọ́n á fi ọ̀wọ̀ gbà á bí àlejò, wọ́n á sì gbé e padà sí ojúbọ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ojúbọ Ouidah àti àpò aṣọ Lomé tó ẹ̀kọ́ fún ẹni tó bá ń ra ejò láìbéèrè ibi tó ti wá. Ọsirélíà ní tirẹ̀ ti ìlẹ̀kùn: ará ìlú lásán kò gbọdọ̀ sin òjòlá Áfíríkà wa níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ sin ejò ilẹ̀ òkèèrè mìíràn.

Kí ni ẹni tó wà ní Peckham tàbí Houston yóò rí lára ti kápẹ́ẹ̀tì tí kò rí lára ti Togo? Ìdáhùn àwọn tí ń sin méjèèjì ni pé ti kápẹ́ẹ̀tì ń jẹ́ kí wọ́n rí òun. Ti Togo a máa fi ọ̀sán sùn nínú ihò, inú ilẹ̀ ló mọ̀, ó sì lè kọ oúnjẹ fún oṣù bíi mélòó kan títí olówó rẹ̀ yóò fi máa sunkún. Ti kápẹ́ẹ̀tì ń gun igi, ó ń jókòó sórí ẹ̀ka kí gbogbo ayé wò ó, ó sì ń jẹun dáadáa. Ṣùgbọ́n ó tóbi jù, ó yára jù, ọmọ rẹ̀ sì máa ń bínú.

Ó yẹ ká dúró díẹ̀ lórí ìbínú yìí, torí pé òun ló ń lé àwọn olùrà tuntun sá. Ọmọ òjòlá kápẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tinú ẹyin jáde kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ. Ẹyẹ lè gbé e, aláǹgbá ńlá lè gbé e, òjòlá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá lè gbé e. Ohun ìjà rẹ̀ kò ju pé kó máa fò bu ohunkóhun tó bá súnmọ́ ọn jẹ. Ìbùjẹ náà kò ju kí abẹ́rẹ́ gún ni lọ. Bó bá fi rí i lóṣooṣù pé ọwọ́ tó ń bọ̀ kì í pa òun lára, ọ̀pọ̀ wọn máa ń jáwọ́. Ti igbó Atherton ló le jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ti Papua àti ti etíkun sábà máa ń rọ̀ kíákíá. Nítorí náà, ẹni tí kò bá fẹ́ wàhálà lè ra èyí tó ti lé lọ́dún kan, tí ẹni tó ń sìn ín ti fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n. Owó rẹ̀ á ga díẹ̀ ju ti ọmọ tuntun lọ, owó náà kò sì ṣòfò.

Ẹwà ara rẹ̀ gan-an ni pàkúté tó pọ̀ jù. Ní àwọn ọdún 1990, lọ́wọ́ ọ̀gbẹ́ni kan ní Norway tó ń sin òjòlá kápẹ́ẹ̀tì, ọmọ kan jáde tí àrà ara rẹ̀ kò rí bíi ti àwọn yòókù: òféèfèé pọ̀, dúdú kéré, àwọn ẹ̀kán ńlá sì fọ́n ká. Wọ́n pè é ní Jaguar, owó rẹ̀ sì fò lọ sókè. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ni gbogbo wọn rí i pé ohun tó yí àwọ̀ padà yẹn ń da ọpọlọ rú pẹ̀lú. Jaguar mìíràn á máa yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, á máa ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, á dojú bolẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ mú eku. Òmíràn kì í fi hàn títí ìdààmú kan á fi dé bá a, bí ìrìn-àjò tàbí ooru àpọ̀jù. Bí wọ́n bá sì fi Jaguar gun Jaguar, lára àwọn ọmọ náà a máa funfun báláú, àwọn funfun yìí kì í sì yè. Wọ́n ṣì ń tà á títí di bí a ti ń sọ yìí. Ní èrò akọ̀ròyìn yìí, kò sí àwọ̀ tó lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀; àwọ̀ tí ejò fi ń gbé inú igbó láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ti tó ẹnikẹ́ni.

Òjòlá dáyámọ́ǹdì ní wàhálà tirẹ̀. Ibi tó tutù ló ti wá, gúúsù ju gbogbo mọ̀lẹ́bí rẹ̀ etíkun lọ. Nígbà tí àwọn ará òkèèrè kọ́kọ́ rà á, ooru kan náà tí wọ́n ń fún ti Papua ni wọ́n fún un. Àwọn ejò náà jẹun, wọ́n sanra, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kú lẹ́yìn ọdún mélòó kan, egungun wọn rọ̀, agbára tán nínú wọn. Èrò ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sìn ín báyìí ni pé ooru àjù lójoojúmọ́ ló fà á, wọ́n sì ń jẹ́ kí ó ní ìgbà òtútù tirẹ̀ lọ́dọọdún. Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kò ní ohun tó ń wá lọ́dọ̀ dáyámọ́ǹdì.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ra ejò, ojú ni kí wọ́n lò ju etí lọ. Ejò tó yá gágá a máa wúwo lọ́wọ́, a máa di ọwọ́ mú, ahọ́n rẹ̀ á máa yọ síta lemọ́lemọ́. Kí wọ́n wo ẹnu rẹ̀ bóyá itọ́ ń hó níbẹ̀, kí wọ́n gbọ́ bóyá èémí rẹ̀ ń dún. Kí wọ́n wo abẹ́ ìpẹ́ ọ̀fun àti ẹ̀gbẹ́ ojú bóyá kòkòrò dúdú wẹ́wẹ́ tí ń mu ẹ̀jẹ̀ ejò wà níbẹ̀. Bó bá wà lára ọ̀kan, ó wà lára gbogbo ejò ṣọ́ọ̀bù yẹn. Kí wọ́n ní kí oníṣòwò fún ejò lóúnjẹ lójú wọn. Kí wọ́n sì béèrè ibi tí wọ́n ti bí i, pàápàá bó bá jẹ́ irú ti Papua, torí pé wọ́n máa ń mú òmíràn nínú igbó kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú ìwé pé inú ọgbà ni wọ́n bí i sí. Oníṣòwò tí kò bá lè fi òbí ejò rẹ̀ han ni, tàbí tí kò mọ ọjọ́ tó jẹun gbẹ̀yìn, kò sí ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ilé rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ kí òun tó dé. Àpótí onígi tó ní ìlẹ̀kùn gíláàsì ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń lò. Fún èyí tó ti dàgbà, àpótí tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, tó fẹ̀ ní 60, tó ga ní 60 ni wọ́n máa ń sọ pé ó kéré jù. Ti etíkun kò ní gba ibẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn kan ń sọ pé ejò fẹ́ràn ibi tóóró, pé àpótí kékeré ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Àwọn onímọ̀ tó jókòó wo ejò nínú àpótí rẹ̀ ti rí i pé ó máa ń na ara rẹ̀ gbọọrọ nígbà tí àyè bá wà, nítorí náà àpótí tí ejò kò ti lè nà tán kò tó o, bó tilẹ̀ bá ìwọ̀n yẹn mu. Kí igi tó lágbára wà nínú rẹ̀ tí yóò máa gùn, kí ihò wà lápá gbígbóná àti lápá tútù tó lè sá sí, kí agbada omi wà. Kí ìlẹ̀kùn ní kọ́kọ́rọ́. Ejò kò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìlẹ̀kùn gíláàsì tí imú rẹ̀ kò lè tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lóru.

Ooru ni gbogbo ọ̀rọ̀ ejò. Apá kan àpótí yẹ kó gbóná tó díígírì 30 sí 33, kí apá kejì wà ní 24 sí 26, kí ejò fúnra rẹ̀ máa yan èyí tó wù ú. Láìsí ooru, oúnjẹ inú rẹ̀ kò ní í dà, yóò rà síkùn rẹ̀, àìsàn á sì wọlé. Gílóòbù tàbí ẹ̀rọ amúgbóná tó bá wà nínú àpótí gbọ́dọ̀ ní àgò lára, torí pé ejò a máa wé mọ́ ọn títí ara rẹ̀ á fi bó, kì í sì í tètè mọ̀. Ẹ̀rọ tí ń pa iná nígbà tí ooru bá kọjá ààlà ṣe pàtàkì ju ẹ̀rọ amúgbóná lọ. Ẹni tí kò bá lè ra méjèèjì kò tíì tó ejò rà. Fún ará ìlú tí iná mànàmáná ti ń lọ tó ń bọ̀ bó ṣe wù ú, ẹ̀ka ìṣòro mìíràn nìyẹn.

Abo òjòlá kápẹ́ẹ̀tì pàápàá mọ iyì ooru. Nígbà tó bá yé ẹyin, yóò ká ara rẹ̀ bò wọ́n fún nǹkan bí oṣù méjì láìjẹun. Bí ilẹ̀ bá tutù, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, iṣan ara rẹ̀ á máa fò fìrìfìrì, gbígbọ̀n yìí á sì mú kí ara rẹ̀ gbóná ju afẹ́fẹ́ tó yí i ká lọ. Àwọn onímọ̀ Ọsirélíà méjì, Harlow àti Grigg, tẹ ìwádìí wọn jáde ní 1984 lórí òjòlá dáyámọ́ǹdì tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá tí kì í dá ooru ṣe, ó ń dá a ṣe nítorí ọmọ.

Oúnjẹ rẹ̀ kò ṣòro, bó bá jẹ́ pé ẹni tó rà á lè gbà kí òkú eku wà nínú fírísà pẹ̀lú ẹran àti ẹja ilé. (Ọ̀pọ̀ ìyàwó ilé kò gbà. Ó dára kí wọ́n bi wọ́n kí ejò tó dé.) Ọmọ kékeré ń jẹ ọmọ eku lọ́sẹ̀ kan sí ọjọ́ mẹ́wàá, àgbà ń jẹ eku ńlá kan lọ́sẹ̀ méjì sí mẹ́rin. Eku tó fẹ̀ tó ibi tí ejò náà ti fẹ̀ jù lára ti tó. Wọ́n á jẹ́ kí dídì rẹ̀ yọ́ pátápátá, wọ́n á rì í sínú omi gbígbóná kí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, wọ́n á sì fi ẹ̀mú gígùn nà án sí i. Kò sídìí tó fi yẹ kí eku wà láàyè. Eku tí ẹ̀mí ń bẹ lára rẹ̀ lè ge ejò jẹ títí dójú egungun, pàápàá bí ebi kò bá pa ejò náà.

Bí òjòlá ti ń pa ohun tó fẹ́ jẹ ti yé àwọn onímọ̀ sí i láìpẹ́ yìí. Tẹ́lẹ̀, gbogbo èèyàn gbà pé ṣe ni ejò tó ń wé mọ́ nǹkan ń dí i léèémí. Ní 2015, àwọn onímọ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde, níbi tí wọ́n ti fi ẹ̀rọ wẹ́wẹ́ sínú ara eku tí wọ́n ti pa ìmọ̀lára rẹ̀, kí ejò bóà tó wé mọ́ ọn. Wọ́n rí i pé láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti dáwọ́ ṣíṣàn dúró, ọkàn ti ń lù ségesège. Ẹ̀jẹ̀ tí kò lọ ló ń pa eku, kí èémí tó di ọ̀rọ̀.

Ìsanra wà lára àwọn àìsàn tó wọ́pọ̀ jù nínú ejò tí wọ́n ń sìn nínú ilé, olówó wọn ló sì ń fà á. Ejò inú igbó lè lo ọ̀sẹ̀ púpọ̀ láìrí nǹkan. Ti inú àpótí kò rìn lọ sí ibì kankan, síbẹ̀ oúnjẹ ń wá bá a.

Ṣé ejò mọ olówó rẹ̀? Ó lè mọ òórùn rẹ̀, ó sì lè mọ̀ pé ọwọ́ yẹn kì í ṣe ewu. Kọjá ìyẹn, ẹni tó bá ń wá ìfẹ́ kó lọ ra ajá. Ọ̀pọ̀ ìbùjẹ tí òjòlá kápẹ́ẹ̀tì àgbà ń ṣe kì í ṣe ti ìbínú: ó gbọ́ ìlẹ̀kùn, ó rí ooru ọwọ́, ó rò pé eku ti dé. Àwọn tó mọṣẹ́ máa ń fi igi rọra kàn án lára kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án, kó mọ̀ pé kì í ṣe oúnjẹ. Wọn kì í gbé e láàárín ọjọ́ méjì tó bá jẹun, kó má baà pọ̀ ọ́ jáde, wọn kì í sì í gbé e nígbà tí ojú rẹ̀ bá ti funfun bíi tẹni tó fọ́ lójú. Awọ ló fẹ́ bọ́ nígbà yẹn, kò ríran dáadáa, ìbẹ̀rù sì wà lára rẹ̀. Bí awọ náà bá bọ́ ní odidi, ara rẹ̀ le. Bó bá ń ya wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, afẹ́fẹ́ inú àpótí ti gbẹ jù.

Ọ̀rọ̀ àìsàn kò ṣeé fò. Fáírọ́ọ̀sì mélòó kan wà tó ń bá òjòlá jà ní ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ. Ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní fáírọ́ọ̀sì Sunshine, ara òjòlá ilẹ̀ Ọsirélíà ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i. Nítorí náà, ẹni tó bá ti ní ejò nílé gbọ́dọ̀ ya tuntun sọ́tọ̀ sí yàrá mìíràn fún oṣù mélòó kan, kó sì fi dókítà ẹranko tó mọ ejò hàn án. Irú dókítà bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Wíwá a yẹ kó ṣáájú ríra ejò.

Fún ènìyàn, kòkòrò salmonella ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún jù. Ó wà nínú ìgbẹ́ àwọn ẹran afàyàfà tí ara wọn yá pàápàá, ó sì lè ṣe ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún, arúgbó àti aboyún ní jàǹbá gidi. Ọwọ́ fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ kan ejò tàbí àpótí rẹ̀ ni oògùn rẹ̀, àti pé kí wọ́n má ṣe fọ agbada omi rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ abọ́.

Ìtàn kan wà tó gba gbogbo ìwé ìròyìn kan ní 2023, tó sì ba àwọn kan lẹ́rù láti sin òjòlá. Ní oṣù kẹfà 2022, àwọn dókítà Canberra ń ṣiṣẹ́ abẹ lórí obìnrin ẹni ọdún 64 kan tó ti ń gbàgbé nǹkan, tí inú rẹ̀ sì ń bàjẹ́. Hari Priya Bandi, dókítà tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ náà, fa aràn pupa kan jáde nínú ọpọlọ rẹ̀. Ó gùn ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́jọ, ó sì ń mira. Ophidascaris robertsi ni, aràn tó ń gbé inú òjòlá kápẹ́ẹ̀tì. Kò tíì sí ẹni tí wọ́n rí i lára rẹ̀ rí láyé. Obìnrin náà kì í sin ejò. Lẹ́bàá adágún kan tí òjòlá pọ̀ sí ló ti máa ń já ẹ̀fọ́ ìgbẹ́ sè, èrò àwọn dókítà sì ni pé ẹyin aràn láti inú ìgbẹ́ ejò ló wà lára ẹ̀fọ́ náà. Ejò tí wọ́n bí sínú ilé, tó ń jẹ eku inú fírísà, kò rí ibi tí yóò ti kó aràn yẹn. Ìdí mìíràn nìyí tí ejò inú igbó fi yẹ kó wà nínú igbó.

Ní Britain, kò gba ìwé àṣẹ kí ènìyàn tó sin òjòlá kápẹ́ẹ̀tì, nítorí òfin 1976 lórí ẹranko tó léwu kò ka òjòlá mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n òfin 2006 lórí ìtọ́jú ẹran de olówó rẹ̀ ní England àti Wales, wọ́n sì lè gbé e lọ sílé ẹjọ́ bí ejò náà bá ń jìyà. Ní Amẹ́ríkà, ìjọba àpapọ̀ ti fòfin de kíkó àwọn òjòlá ńlá kan wọ orílẹ̀-èdè náà láti 2012, ti kápẹ́ẹ̀tì kò sí lára wọn, àmọ́ ó yẹ kí wọ́n béèrè òfin ìpínlẹ̀ àti ti ìlú. Ní Hawaii, kò sí ejò tó bófin mu láti sìn. Ní New Zealand bákan náà.

Ejò yìí lè lò ju ogún ọdún lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó rà á nígbà tó wà ní yunifásítì lè ti di bàbá ọmọ mẹ́ta kí ejò tó kú, ó lè ti kó ilé lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ó lè ti fẹ́ ẹni tí kò lè sùn lábẹ́ òrùlé kan náà pẹ̀lú ejò. Àwọn ilé ìtọ́jú ẹranko ní Britain mọ irú àwọn ejò bẹ́ẹ̀ dáadáa, tí wọ́n ń bá nínú àpótí páálí lẹ́bàá ọ̀nà. Ní Ọsirélíà, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sú kò gbọdọ̀ jù ú sínú igbó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé igbó yẹn ni ilé bàbá rẹ̀. Ó lè gbé fáírọ́ọ̀sì lọ bá àwọn ti ìta, bàbá rẹ̀ sì lè jẹ́ ti Darwin, kí ìyá rẹ̀ jẹ́ ti Brisbane, tí igbó tí wọ́n jù ú sí kò sì jẹ́ ti ẹnì kankan nínú wọn. Ẹlòmíràn tó ní ìwé àṣẹ ni yóò gbà á, wọn yóò sì kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì.